ỌKỌ́ LÉBÌRÀ LÓ KỌ́KỌ́ KÀN ÁN: Ohun tí ilẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ gbé mì

Ohun méjì ló máa ń ká ẹni tó fẹ́ kọ́lé ní Ilé-Ifẹ̀ láyà. Ọ̀kan ni owó sìmẹ́ńtì, ìyẹn ò kan Ifẹ̀ nìkan, gbogbo ayé la jọ ń sunkún rẹ̀. Èkejì ni ohun tí ọkọ́ lébìrà lè kàn nínú ilẹ̀. Ẹni tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé nílùú mìíràn, òkúta ló máa bá níbẹ̀, tàbí gbòǹgbò igi, bí kò bá ṣe egungun ajá. Ní Ifẹ̀, orí ọba lè yọjú. Ẹ má rò pé àwàdà ni o. Ó ti ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹni tó bá wọ mọ́tò n'Íbàdàn, tó kọjá Aṣéjìrẹ́, tó ra dòdò dúdú n'Íkirè dání fún àwọn ọmọ, tó tún kọjá Gbọ̀ngán àti Ìpetumodù, kò ní pẹ́ tó fi máa rí géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Kó má tíì sọ̀ o. Kó jẹ́ kí mọ́tò gbé òun wọ àárín ìlú lọ, kó sọ fún dẹ́rẹ́bà pé Ẹnuwá lòún ń lọ. Ẹnuwá ni ààfin Ọọ̀ni wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin yẹn náà ni mùsíọ́mù wà, ilé tí ìjọba ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Ẹnu ọ̀nà ilé yìí làwọn ìyá ọlọ́jà ń gbé igbá kọjá láàárọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà padà nírọ̀lẹ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti wọlé rí. Púpọ̀ wọn á rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n á ní ilé àwọn òyìnbó àti ọmọ yunifásítì nìyẹn, kí ló kan ẹni tó ń ta ata?

Ó kàn án gan-an. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tó wà nínú ilé yẹn, oníṣẹ́ ọwọ́ ló ṣe é, oníṣẹ́ ọwọ́ náà ló sì wú u jáde. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yìn ni wọ́n dé.

N'ÍLÉ WÚNMỌNÍJẸ̀

Agboolé Wúnmọníjẹ̀ kò jìnnà sí ẹ̀yìn ààfin rárá. Lóṣù Kìíní ọdún 1938, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan níbẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ ẹ kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, wọn kì í ṣe òyìnbó onígò ojú. Lébìrà ni wọ́n, àwọn tó ń fi òógùn ojú wá àtijẹ. Ọkọ́ kan nǹkan tó dún bí irin. Wọ́n gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, àfi bí ojú ènìyàn ṣe ń wò wọ́n láti inú ilẹ̀.

Orí idẹ ni. Wọ́n yọ ọ̀kan, òmíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn tún wà. Nígbà tí wọ́n fi máa kúrò lórí ilẹ̀ náà, orí tó jáde ti lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Púpọ̀ wọn tó orí èèyàn gan-an, ojú, imú, etí, ẹnu, gbogbo rẹ̀ pé, bí ẹni tó ń sùn tí kò ní pẹ́ jí. Orúkọ òyìnbó tó rà nínú wọn wà nínú ìwé. Orúkọ òyìnbó tó kọ ìwé nípa wọn wà nínú ìwé. Orúkọ àwọn lébìrà yẹn ńkọ́? Wọn kì í sábà dárúkọ wọn.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé etí gbogbo ìlú, díẹ̀ nínú orí náà ti rìn. Ọmọ Amẹ́ríkà kan wà ní Ifẹ̀ lásìkò náà, William Bascom lorúkọ rẹ̀, ó wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa Ifá àti àṣà wa. Ó ra méjì, ó gbé e lọ sílé. A ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó dá méjèèjì padà lọ́dún 1950. Ẹyọ kan tún gba ọwọ́ olótùú ìwé ìròyìn kan l'Ékòó kọjá dé London, ó sì wọ British Museum lọ́dún 1939. Ìyẹn wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó gba ìwé àṣẹ ìrìnnà, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì bààlúù, kó lọ máa wo orí baba rẹ̀ nínú gíláàsì ní ìlú ọlọ́tùútù.

Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó wà lórí oyè láti 1930 títí di 1980, ló kó ìyókù jọ sí ààfin kó má bàa fọ́n ká. Ariwo tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí ìjọba òyìnbó ìgbà náà fòfin de kíkó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1943 ni wọ́n dá ẹ̀ka ìjọba kan sílẹ̀ fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, Kenneth Murray, tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọnà, ni wọ́n fi ṣe olórí. Mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, ìlú Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni wọ́n ṣí i sí lọ́dún 1945, nítorí àwọn ère òkúta tó lé ní 800 tó wà níbẹ̀. Ti Ifẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn lọ́dún 1954, ti Oníkan l'Ékòó tẹ̀lé e lọ́dún 1957. Lọ́dún 1979 ni ìjọba ológun wá gbé gbogbo rẹ̀ fún àjọ kan ṣoṣo tó ń rí sí mùsíọ́mù àti ohun ìrántí káàkiri orílẹ̀-èdè, òun náà ló ń ṣàkóso wọn títí di òní.

Ẹ̀YIN WẸ́DÀ, Ẹ̀YIN ALÁGBẸ̀DẸ, Ẹ SÚN MỌ́ IBÍ

Ẹni tó bá ti dúró níwájú orí idẹ Ifẹ̀ rí, ohun àkọ́kọ́ tó máa bi ara rẹ̀ ni pé: báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Kò sí ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ilà wẹ́wẹ́ gba ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ̀kalẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, tóóró, tóóró, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ fà á.

Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ orí náà. Wọ́n á wá fi ìda oyin bo amọ̀ yẹn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ara ìda yìí ni wọ́n ti máa fín ojú, ètè, ipéǹpéjú àti ilà. Bí ìyẹn bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á tún fi amọ̀ bo ìda lókè, wọ́n á dá ihò sí i. Ó di inú iná. Ìda á yọ́, á gba ojú ihò ṣàn jáde, àyè rẹ̀ á ṣófo láàrin amọ̀ méjèèjì. Idẹ tó ti yọ́ bí omi ni wọ́n á rọ sínú àyè náà. Bó bá ti tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ ìta dànù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iná, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí idẹ bá tutù kó tó dé igun imú, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn, torí ìda tó gbé àwòrán náà ti yọ́ lọ, kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ wò ṣe òmíràn. Èyí tó tún wá le jù ni pé àwọn mìíràn nínú àwọn orí yìí kì í ṣe idẹ, bàbà ni, bàbà tí wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lú nǹkan kan mọ́. Bàbà kì í ṣàn wẹ́rẹ́ bí idẹ. Ìbòjú Ọbalùfọ̀n, tí kò tiẹ̀ wọ inú ilẹ̀ rí, tó jẹ́ pé ààfin ló wà láti ayébáyé, bàbà ni látòkè délẹ̀. Àwọn tó ń da ẹdan Ògbóni, ọ̀nà ìda oyin yìí náà ni wọ́n ń tọ̀.

Ihò wẹ́wẹ́ tún yí iwájú orí àti ẹnu àwọn kan ká. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń so adé, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí irùngbọ̀n mọ́. Ní ti ilà ojú, àríyànjiyàn ò tíì tán. Àwọn kan ní ilà ìdílé ni, àwọn kan ní òjìji ìlẹ̀kẹ̀ adé tó bo ojú ọba ni wọ́n yà. Kálukú ló ní tirẹ̀.

Irú iṣẹ́ báyìí ni òyìnbó Jámánì kan rí tó ní kì í ṣe ọwọ́ adúláwọ̀ ló ṣe é. Leo Frobenius lorúkọ rẹ̀. Apá ìparí ọdún 1910 ló wọ Ifẹ̀. Ó dé Igbó Olókun, ó rí orí idẹ kan tí wọ́n ń pè ní orí Olókun àti àwọn orí amọ̀ sísun, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Dípò kó bi àwọn onílé, ó lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ní i, pé òun ti rí Atlantis, ìlú àwọn òyìnbó ìgbàanì tí wọ́n ní òkun gbé mì. Ìwọ̀sí gbáà! Ẹni tó wá kí ọ nílé, tó rí aṣọ rere lọ́rùn rẹ, tó ní ó dá òun lójú pé jíjí lo jí i!

Ó fẹ́ gbé orí Olókun lọ. Àwọn ará Ifẹ̀ fẹjọ́ sùn, àwọn aláṣẹ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì dá sí i, wọ́n sì mú kó dá orí náà padà, àmọ́ àwọn ère amọ̀ díẹ̀ bá a dé Berlin. Ẹ gbọ́ èyí tó kù. Lọ́dún 1949 àwọn onímọ̀ yẹ orí Olókun tó wà nílẹ̀ wò, wọ́n ní ayédèrú ni, pé ẹnì kan ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ mìíràn tún yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbàlódé, wọ́n ní ó jọ pé ojúlówó gan-an ni. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n fi pe ojúlówó ní ayédèrú!

Ọjọ́ orí àwọn iṣẹ́ yìí náà ti fi Frobenius sí ipò tó yẹ ẹ́. Láàrin nǹkan bí ọdún 1100 sí 1500 ni wọ́n fi wọ́n sí. Kò sí Gíríìkì kankan nítòsí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tiẹ̀ ti wà kí ọkọ̀ àwọn Potogí tó fojú kan èbúté wa.

IṢẸ́ ÀWỌN TÓ Ń WA ILẸ̀

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí ohun tí kò lẹ́nu? Àwọn tí iṣẹ́ yìí jẹ́ tiwọn ni wọ́n ń pè ní awalẹ̀pìtàn. Àwọn kan ń bá àjọ mùsíọ́mù ṣiṣẹ́, àwọn kan wà ní yunifásítì. Ẹni tó bá bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ lè kọ́kọ́ rò pé bíríkìlà ni wọ́n, torí tírówẹ̀lì bíríkìlà ló ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Okùn ni wọ́n fi ń pààlà ilẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń na okùn ìpìlẹ̀ ilé. Ibi tí wọ́n ti yà kúrò lọ́dọ̀ bíríkìlà ni pé wọn kì í kánjú. Ohun tí lébìrà méjì máa gbẹ́ parí kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé, ó lè gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìpele ilẹ̀ kan ni wọ́n ń hó kúrò lẹ́ẹ̀kan. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n hó, wọn kì í dà á nù. Inú asẹ́ ló ń lọ, wọ́n á jọ̀ ọ́ bí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ṣe ń jọ èlùbọ́, ohun tó bá ṣẹ́kù sórí asẹ́ ni wọ́n ń wá: àpáàdì, egungun ẹja, ìlẹ̀kẹ̀ tí kò tó hóró ọkà bàbà.

Èédú ni wọ́n ń wá jù. Èédú tí ìyá kan fi sebẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bí wọ́n bá gbé e dé iwájú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sọ iye ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ láti ìgbà tí igi náà ti kú. Ohun tó bá wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú èédú yẹn, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ohun tí lébìrà bá wú, tó gbé sórí tábìlì, fi ń pàdánù ìdajì ẹnu rẹ̀. Ó lẹ́wà, àmọ́ kò lè sọ ibi tó ti sùn mọ́, kò lè sọ ẹni tó sùn tì í.

Èyí ló ṣẹlẹ̀ ní Wúnmọníjẹ̀. Èyí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ ní Ìta Yemòó.

Ìta Yemòó wà lójú ọ̀nà Iléṣà. Lọ́dún 1957, wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ láti kọ́lé, làwọn òṣìṣẹ́ bá tún kan idẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ti là díẹ̀, iṣẹ́ dúró. Frank Willett, òyìnbó awalẹ̀pìtàn, dé ibẹ̀, ó sì padà wá gbẹ́ ibẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láwọn ọdún tó tẹ̀lé e. Ohun tó jáde kò kéré. Ère ọba kan àti olorì rẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, apá kọ́ apá, ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀. Orí olorì kan tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, tó dé adé, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ekpo Eyo gbẹ́ Láfogídò lọ́dún 1969, Peter Garlake gbẹ́ ilẹ̀ Ọbalará lọ́dún 1971 sí 1972. Láti 2015, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti òkè òkun tún padà sí Ìta Yemòó. Nígbà tí Willett ń gbẹ́ ibẹ̀, kò gbẹ́ ẹ tán.

ILẸ̀ TÍ WỌ́N FI ÀPÁÀDÌ TẸ́

Bí idẹ bá jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin, obìnrin náà ní tirẹ̀ ní Ifẹ̀, ilẹ̀ ló sì wà, wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kó tó di pé ọ̀dà dé títì, kó tó di pé sìmẹ́ńtì dé Nàìjíríà, wọ́n ti tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà Ifẹ̀. Àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Wọn kò tẹ́ àpáàdì náà sílẹ̀ gbalaja bí táìsì o. Wọ́n tò ó ní ìdúró, etí rẹ̀ ló wà lókè, ọ̀kan fara ti èkejì pẹ́kípẹ́kí. Nígbà mìíràn wọ́n á tò ó bí eegun ẹja, wọ́n á tún fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sí i kó lè lárà. Òjò ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ti rọ̀ sí i, àwọn ibì kan ò sì yẹ̀.

Ìtàn Ifẹ̀ ní Lúwo Gbàgìdá, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, ló pàṣẹ rẹ̀. Wọ́n ní ó jáde lọ́jọ́ kan, ẹrẹ̀ ta sí i láṣọ, inú bí i, ó ní kí wọ́n tẹ́ gbogbo ìlú. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ti fi aṣọ òkè kọjá lẹ́bàá gọ́tà nígbà òjò rí, ẹ ò ní dá a lẹ́bi.

Ẹ wá bá wa ro iye ìkòkò tó fọ́. Iṣẹ́ obìnrin ni ìkòkò mímọ nílẹ̀ wa. Kí àpáàdì tó lè tẹ́ àgbàlá ilé kan ṣoṣo, ìkòkò rẹpẹtẹ ti gbọ́dọ̀ jáde lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò, wọ́n ti fi pọnmi, wọ́n ti fi se ẹ̀kọ, ó ti fọ́. Kò sí ohun tó ṣòfò. Ní ibòmíràn, wọ́n ri ọrùn ìkòkò mọ́ ìpẹ̀kun ibi tí wọ́n tẹ́, ẹnu rẹ̀ kojú sókè. Àwọn onímọ̀ gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ń da omi tàbí ọtí ètùtù sí.

Ìyókù rẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀. Igbó Olókun, ibi tí Frobenius ti ń wá òkun, wà ní apá àríwá ìlú. Láti ọjọ́ pípẹ́ làwọn ará ìlú ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ṣa ìlẹ̀kẹ̀ àti gíláàsì, wọ́n ń tà á. Àwọn ìkòkò kan tún ń jáde níbẹ̀ tí gíláàsì ti yọ́ mọ́ inú wọn, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ ewé, bí ẹni fi ṣúgà jóná sínú ìṣasùn. Àwọn ọ̀mọ̀wé wò ó títí, wọ́n ní: ó dáa, àwọn ará Ifẹ̀ mọ ìlẹ̀kẹ̀ ṣe, àmọ́ gíláàsì yẹn fúnra rẹ̀, òkè òkun ló ti wá, wọ́n kàn ń yọ́ ọ ni.

Ọmọ ilẹ̀ yìí kan, Abídèmí Babátúndé Babalọlá, ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Láàrin 2010 sí 2012 ó gbẹ́ Igbó Olókun, ó jọ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bọ́ sórí asẹ́ lé ní 12,000. Àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì lé ní 800. Ìdọ̀tí gíláàsì, èyí tó máa ń ṣẹ́kù sílẹ̀ nílé iṣẹ́, wọ́n fi kílò wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ti bá télọ̀ gbé rí mọ̀ pé ibi tí èrépè aṣọ bá pọ̀ sí ni wọ́n ti ń ránṣọ. Wọ́n gbé gíláàsì náà lọ fún àyẹ̀wò, èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé lọ́dún 2017: irú ohun tí wọ́n pò pọ̀ ṣe é yàtọ̀ sí ti òyìnbó, ó yàtọ̀ sí ti Lárúbáwá. Yanrìn àdúgbò ni. Láti nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀, wọ́n sì ti rí irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí lọ́nà jíjìn, títí dé Gao ní ilẹ̀ Mali. Ẹ rò ó wò: ọjà ẹnì kan láti Ifẹ̀ dé etí aṣálẹ̀, kò sí mọ́tò, kò sí bọ́ǹkì.

ÒFIN KÒ RA SÌMẸ́ŃTÌ

Èyí tó ń bani nínú jẹ́ ni pé ohun tó là á já lábẹ́ ilẹ̀ fún 700 ọdún kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ lókè ilẹ̀. Lọ́dún 1987, olè wọ mùsíọ́mù Jos, wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn orí Ifẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún 2007, ó yọjú ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí ìjọba ti ń lu ẹrù ní gbàǹjo. Iye tí wọ́n tà á? Yúrò 240. Ẹ̀yin ìyá aláṣọ, ẹ mọ iye bọ́ńdùlù léèsì tí ìyẹn lè rà, kò tó nǹkan. Lọ́dún 1994, mùsíọ́mù Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fọ́, wọ́n kó orí amọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n olè kọ́ ló ń ṣe ọṣẹ́ jù. Katapílà ni, àti ọkọ́, àti àgbàrá òjò. Ìlú ń fẹ̀, ènìyàn ń pọ̀, títì ń gba ìta kọjá. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ni ilé ti jókòó lé lórí, tàbí tí gírédà ti hó dànù. Nígbà mìíràn ẹni tó hó o kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun hó nǹkan kan, àpáàdì ṣáà ni lójú tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ wàyí. Ká sọ pé opó kan ni, tó ń ta àdìrẹ. Èésú ọdún mẹ́rin ló fi ra ilẹ̀ àádọ́ta lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ó ti kó yanrìn, ó ti kó sìmẹ́ńtì, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú. Bíríkìlà na okùn, lébìrà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́, wọn ò tíì gbẹ́ ẹ jìnnà tí àpáàdì fi hàn, tí wọ́n tò bí eegun ẹja. Òfin ìjọba ti ọdún 1979 ní ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ mùsíọ́mù létí láàrin ọjọ́ méje. Òfin náà dára. Àmọ́ òfin kò ra sìmẹ́ńtì. Bí opó yìí bá lọ sọ, iṣẹ́ á dúró. Ìgbà wo ni wọ́n máa wá wò ó? Ta ló máa san owó ojúmọ́ bíríkìlà? Sìmẹ́ńtì tí òjò bá pa, ta ló máa rà á padà? Bí kò bá sọ, bíríkìlà á da kọnkéré lé e, ọ̀rọ̀ parí. Ẹnì kẹta náà tún wà, ọ̀gbẹ́ni kan tó gbé báàgì kọ́ apá, tí kò bèèrè ìwé kankan, tó ń wá ohun tó bá lójú àti imú, tó ń san owó lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn kì í pẹ́ dé rárá.

Ẹni tó bá ń pe irú opó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀tá ìtàn, àfi kó kọ́kọ́ lọ yá a lówó ìpìlẹ̀ ná. Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ìjọba ni kí wọ́n tètè dé ju alábáàgì lọ, kí ẹni tó bá lọ sọ òótọ́ má bàa fi òótọ́ náà jẹ gbèsè. Èyí tí àwọn bíríkìlà àti agbẹ́kànga lè ṣe kò náni lówó: bí ọkọ́ bá kan nǹkan tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀, kí ẹni tó ni ọkọ́ rọra. Kó fi ọwọ́ gbọn yẹ̀pẹ̀, kó wo ohun tó wà níbẹ̀ kó tó sọ ọkọ́ kejì kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà lójútáyé ní Ẹnuwá lónìí, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló gbà wọ́n là.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó kò nílò láti mú ọmọ yunifásítì dání. Ọjọ́ iṣẹ́ ni kó lọ, lówùúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Bó bá ti kúrò ní mùsíọ́mù, kó béèrè Mọ̀pà, kó lọ wo Òpá Ọ̀rànmíyàn, òkúta tó ga ju mítà márùn-ún lọ, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára, kó tó wá wọ mọ́tò ojú ọ̀nà Iléṣà lọ sí Ìta Yemòó. Kó wo àpáàdì ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa. Ìyá tó bá mọ ìkòkò á rí ọwọ́ amọ̀kòkò lára rẹ̀.

Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin agbẹ́kànga, ẹ̀yin àgbẹ̀, bí ọkọ́ yín bá ti kan irú nǹkan báyìí rí, ní Ifẹ̀ tàbí níbòmíràn, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹ sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe sí i, ì báà jẹ́ pé ẹ bò ó padà. Ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ kí orúkọ òun jáde, kó sọ bẹ́ẹ̀.